Búrẹ́dì Ẹlẹ́sẹ̀ Adìẹ

Ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń po fúláwà tún wà ní títì pa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá Àkọ́bí dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lọ́wọ́, ó dẹ etí. Ó ń gbọ́ bí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ṣe ń bọ́ lu fúláwà nínú ọpọ́n, gbì, gbì, gbì, bí ẹni tó ń lu ẹni tí kò lè sunkún. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ìró mìíràn, ìró ajọ̀ tí wọ́n ń mì jẹ́jẹ́. Ó yà á lẹ́nu. Fúláwà tí ìjọba ń kó wá fún búrẹ́dì àwọn ṣójà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jọ̀. Wọ́n ti jọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dì í sápò. Kí wá ni bàbá yìí ń jọ̀?

"Bàbá Àkọ́bí, omi rèé o."

Ìró ajọ̀ dákẹ́ wáí. "Gbé e kalẹ̀ síbẹ̀."

"Ẹ ṣílẹ̀kùn kí n gbé e wọlé fún yín. Ó wúwo."

"Mo ní kí o gbé e kalẹ̀, obìnrin yìí. Àbí o fẹ́ kí atẹ́gùn ba yíìsì jẹ́ ni?"

Atẹ́gùn! Láti ìgbà tí ó ti wọlé ọkọ rẹ̀, kò sí atẹ́gùn tó ba yíìsì kankan jẹ́ rí. Ó gbé omi kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ lọ kí ọkọ rẹ̀ lè gbọ́ pé ó ti ń lọ, lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó yọ́ padà wá. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọkọ rẹ̀ náà ti ń dẹ etí sí i láti inú lọ́hùn-ún. Ilẹ̀kùn nìkan ló wà láàárín àwọn méjèèjì, olúkúlùkù ń di èémí mú.

Bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ìyá Àkọ́bí ló ń fọ àpò òfìfo. Bí ọkọ̀ ìjọba bá já fúláwà, ó máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ru àpò wọlé. Bí iṣẹ́ bá parí, ó máa ń kó àwọn àpò náà fọ̀, á sá wọn, á fi rán ìrọ̀rí. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àpò kan kì í padà sọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, búrẹ́dì tó ń jáde kò dín. Ó ti rò ó títí, ibì kan ṣoṣo ni ìrònú rẹ̀ máa ń já sí: obìnrin. Obìnrin kan wà níbì kan tó ń jẹ fúláwà funfun nígbà tí gbogbo àdúgbò ń jẹ búrẹ́dì dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ eyín.

Ó tilẹ̀ ti yan obìnrin náà. Alágbàfọ̀ tó ń gbé lódìkejì títì ni, opó tí ó ń fọ aṣọ àwọn ọ̀gá ṣójà, tí ọmọ rẹ̀ wà lójú ogun. Lọ́jọ́ kan Ìyá Àkọ́bí rí nǹkan funfun lápá aṣọ rẹ̀, ó bi í pé kí ni. Alágbàfọ̀ gbọn ọwọ́, ó ní sítáàsì ni. Sítáàsì! Ìyá Àkọ́bí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Láti ọjọ́ náà ni kò ti yá a ní iná mọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ọpọ́n fúláwà pípò jáde, ó tún ti ilẹ̀kùn padà. Iṣẹ́ Ìyá Àkọ́bí ló kù nìyẹn. Ó gé e, ó yí i, ó tẹ àmì sí i. Dandan ni kí ilé búrẹ́dì tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ológun ní àmì tirẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò mú bí ó bá bàjẹ́. Àmì tiwọn jẹ́ ìlà mẹ́ta tí wọ́n pàdé nídìí, tí ó ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ̀. Ó jọ ẹsẹ̀ adìẹ. Kò sí búrẹ́dì kan tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kì í rọra sọ sí pé, "Àkọ́bí mi, èmi rèé o," nítorí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lójú ogun, ó sì gbà pé bí búrẹ́dì náà bá kàn án, yóò mọ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Àárọ̀ yìí, fúláwà náà wúwo, ó sì rí ṣàkàṣàkà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ń ka gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà.

Ó ń kó búrẹ́dì sínú ààrò lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Ìyàwó! Ìyàwó o! Wá wo ẹni tó dé!"

Àkọ́bí ló dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ṣójà, àpò ẹ̀yìn rẹ̀ kan àtẹ́rígbà. Ìyá Àkọ́bí fò mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ gbá ojú rẹ̀ mú, ó sì bú sẹ́kún, torí egungun ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ìyá Àgbà ń fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ọmọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tó ti ya.

"Ṣé wọ́n ti ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé ni?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Rárá, Ìyá Àgbà. Lọ́rì wa wá gbé oògùn. Á padà kí oòrùn tó rọlẹ̀. Ọ̀gá ní kí n sáré wá wò yín."

Ìyá rẹ̀ ti gé búrẹ́dì, ó ti bu omi gbígbóná, ó ti fa àga. Ọmọ náà jókòó. Kò mú búrẹ́dì náà jẹ. Ó kọ́kọ́ yí i padà, ó wo ìdí rẹ̀, ó wo orí rẹ̀, ó bù ú, ó fi ìka fọ́ ọ wẹ́wẹ́ lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ebi ò pa mí."

"Ebi ò pa ẹni tó rí báyìí?" Ìyá rẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Búrẹ́dì tí a ń rà níwájú títì bíi gbogbo èèyàn ni. Jẹ ẹ́, jọ̀ọ́."

"Ìyá, ta ló ń po fúláwà nílé yìí?"

Ìbéèrè náà kò ní ohùn ọmọ nínú. Bí ọlọ́pàá ṣe ń béèrè ni ó béèrè rẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ tó dáhùn, bàbá rẹ̀ ti jáde, ó ń nu ọwọ́, ayọ̀ ti gba gbogbo ojú rẹ̀. "Àkọ́bí! Àṣé ìwọ ni mò ń gbọ́ ohùn ẹ!" Ó na apá. Ọmọ náà dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún un bó ṣe yẹ. Nígbà tó dìde, ó tú àpò rẹ̀, ó sì fi nǹkan kan lélẹ̀ lórí tábìlì. Ó dún gbì bíi bíríkì.

Búrẹ́dì ni. Ó ti gbẹ, ó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹsẹ̀ adìẹ wà lórí rẹ̀ kedere.

Ìyá Àgbà, tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, kò ṣa á mọ́.

"Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi àmì yìí pè lọ́hùn-ún?" ni Àkọ́bí wí. "Bí inú bá ń run ẹnìkan, wọ́n á ní ẹsẹ̀ adìẹ ti ta á nípàá. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣépè fúnra wọn, wọ́n á ní, 'Ẹsẹ̀ adìẹ ni wàá máa jẹ títí wàá fi darúgbó.' Àwọn kan ò lè dìde mọ́ lórí ẹní. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́. Inú ti ń run wá tipẹ́, a sì ń jà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọ̀gá wa fọ́ ọ̀kan sí méjì lójú gbogbo wa, tí a rí iyẹ̀ pákó nínú ẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Iyẹ̀ pákó o, Bàbá, èyí tí ayùn káfíńtà máa ń dà sílẹ̀. Ẹnìkan ní, 'Àwọn tá à ń kú fún náà rèé.' Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ní ká dìde, a máa ń kọ́kọ́ wo ojú ara wa ná. Bá a ṣe pàdánù afárá tí a ń ṣọ́ nìyẹn. Kò sí ọ̀tá tó lé wa. A kàn dìde pẹ́ ni."

"Rédíò ní ọgbọ́n ogun ni ẹ fi kúrò níbẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń lá àlá lọ.

"Rédíò ò jẹ búrẹ́dì yìí."

Ìyá Àkọ́bí gbé búrẹ́dì náà. Ó fi ìka rẹ̀ tẹ̀lé ìlà mẹ́ta náà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ó dá a mọ̀. Gbogbo "èmi rèé o" tí ó ti ń wí láàárọ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn lóòótọ́. Wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Kò pariwo, nítorí ilẹ̀kùn ilé wà ní ṣíṣí, bí òfin àdúgbò ṣe wí, àwọn ènìyàn sì ń kọjá. "Obìnrin wo ni?"

"Obìnrin?"

"Obìnrin tí ẹ ń gbé fúláwà fún tí ẹ fi ń bu iyẹ̀ pákó fún ọmọ mi jẹ. Ẹ dárúkọ ẹ̀. Ṣé alágbàfọ̀ ni?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ibì kankan lójú rẹ̀. "Ó wù mí kó jẹ́ obìnrin, Ìyá Àkọ́bí. Ì bá sàn. Alága ni."

Gbogbo ilé ló mọ Alága. Ṣáájú ogun, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá. Nígbà tí ogun dé, ìjọba fi í ṣe olórí Ẹgbẹ́ Ọkàn-le ní òpópónà náà. Lójoojúmọ́, bí ìròyìn ọ̀sán bá ń bọ̀, ilé gbogbo á ṣí ilẹ̀kùn, á yí rédíò sókè, bí wọ́n bá sì ti kéde ìṣẹ́gun, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Alága á máa rìn láàárín títì, orí rẹ̀ á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa gbọ́ ilé tí àtẹ́wọ́ rẹ̀ kò le tó. Àwọn tí ó bá kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n máa ń kó wọn lọ sí Ilé Ìmúnilọ́kànle. Kò sẹ́ni tó tíì bá ọkàn líle padà dé láti ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì padà dé rárá.

"Kí lẹ ṣe tí Alága fi rí yín mú?" ni Àkọ́bí béèrè.

Bàbá rẹ̀ wo Ìyá Àgbà lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò. Ìyá Àgbà rí i.

"Èmi?" ni Ìyá Àgbà wí. "Kí lèmi ṣe?"

"Ìyá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nídìí ẹ̀rọ omi níbẹ̀rẹ̀ òjò," ni ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn.

"Kí ni mo sọ? Mo ní àwọn tí wọ́n ń gbé bọ̀ láti ojú ogun ti pọ̀ ju àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Mo ní bó ṣe ń lọ yìí, a ò ní borí. Ṣé ojú mi ti fọ́ ni?"

"Ẹ sọ ọ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò tò sórí ìlà! Alága wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní òun ò fẹ́ kọ orúkọ ìyá arúgbó. Ó ní òun náà ní ìyá. Ó wá ní fúláwà ti wọ́n nílé òun. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún wá. Kí ni mi ò bá ṣe? Ẹ sọ fún mi. Bí búrẹ́dì bá dín, ìjọba á mú mi. Bí mi ò bá fún un, wọ́n á wá gbé Ìyá. Mo wá ń lọ gba iyẹ̀ pákó lọ́wọ́ káfíńtà. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ fi dáná ni. Mo ń jọ̀ ọ́ dáadáa." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo ń jọ̀ ọ́ títí á fi kúnná."

Ìyá Àgbà gbé àtẹ ẹ̀wà kalẹ̀. "Wọ́n wá ń fi ẹnu mi pa ọmọ ọmọ mi," ni ó wí, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Wọ́n bi gbogbo wa lọ́hùn-ún bóyá a mọ àmì yìí," ni Àkọ́bí wí. "Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi lọmọ oníbúrẹ́dì, n kò ní sùn kí n jí. Bí mo bá sì lọ sọ fún ọ̀gá, wọ́n á wá yìnbọn pa yín, Bàbá. Bí n kò bá sọ, ẹ ó tún máa jọ iyẹ̀ pákó. N kò mọ èyí tí mo máa ṣe. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

"Má pa mí," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Bàbá, ta ló ń pa ta?"

"Àgò onílé o!"

Ìyá Àkọ́bí ti búrẹ́dì gbígbẹ náà sábẹ́ aṣọ iṣẹ́ tó so mọ́ra kí òjìji Alága tó wọlé. Ọkùnrin náà gbé àwo kan lọ́wọ́ méjèèjì, ó fi aṣọ funfun bò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Nínú gbogbo òpópónà náà, òun nìkan ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì ń dán.

"Akọni wa dé, wọn ò sọ fún Alága! Ẹ kú oríire, Ìyá Àkọ́bí. Kí ló dé tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́ báyìí? Mo dúró níta, n kò gbọ́ ẹ̀rín."

"Ayọ̀ ló gba ohùn lẹ́nu wa," ni Ìyá Àkọ́bí wí.

"Ẹn-ẹ́n." Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń wo tíkẹ́ẹ̀tì láyé ọjọ́sí. "Ojú Oníbúrẹ́dì pọ́n."

"Èéfín ààrò ni, Alága."

"Ẹ máa rọra. Ọmọ mi, tí ìròyìn ọ̀sán bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wàá dúró níwájú gbogbo àdúgbò nídìí ẹ̀rọ omi, wàá kí wọn. Má jẹ̀ẹ́ kó gùn. Sọ pé ọkàn yín balẹ̀, ikùn yín yó. Wọ́n á fẹ́ bi ọ́ léèrè ọmọ wọn. Má dá wọn lóhùn. Ìbéèrè ló ń bí ẹ̀rù." Ó gbé etí aṣọ náà sókè díẹ̀. Búrẹ́dì funfun báláú kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó wú, ó ń tàn. "Ẹ̀bùn rẹ rèé. Àdúgbò ló fi ta ọ́ lọ́rẹ."

Ó bò ó padà, ó sì gbé e lọ. Òórùn rẹ̀ kù sẹ́yìn nínú yàrá, òórùn búrẹ́dì tí wọn kò tíì gbọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ìyá Àkọ́bí mọ̀ ọ́n. Fúláwà àpò tí kì í padà sọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí ẹ̀rọ omi, àdúgbò ti pé. Alága ti gbé tábìlì síta, ó gbé rédíò lé e lọ́tùn-ún, ó gbé àwo búrẹ́dì lé e lósì. Àwọn ènìyàn ń wo Àkọ́bí, wọ́n sì ń wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Alágbàfọ̀ wà níwájú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì funfun fún sítáàsì títí dé ìgúnpá. Ìyá Àkọ́bí rí i, ó rí i pé sítáàsì ni lóòótọ́, ojú sì tì í débi pé ó gbójú sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu akọni!" ni Alága ké.

Àkọ́bí bọ́ síwájú. "Àwọn ọmọ yín ń kí yín," ni ó wí. Ó dúró. Ó wo bàbá rẹ̀. "Ọkàn wa..." Ó tún dúró. Òógùn ń yọ lórí imú rẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ọkàn wọn balẹ̀!" ni Alága bá a parí. "Ikùn wọn yó! Ẹ pàtẹ́wọ́!"

Alágbàfọ̀ kò pàtẹ́wọ́. "Jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀, Alága. Àkọ́bí, ṣé ẹ̀ ń rí oúnjẹ jẹ? Ṣé ọmọ mi ń jẹun?"

"A ò béèrè ìbéèrè, Ìyá," ni Alága wí.

"Ẹnu mi ni mo fi ń béèrè."

Ọmọ náà ti la ẹnu. Ìyá rẹ̀ rí i lójú rẹ̀ pé irọ́ ló ń bọ̀, pé yóò pa á nítorí bàbá rẹ̀, pé yóò gbé irọ́ náà padà lọ sójú ogun pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, yóò sì máa jẹ iyẹ̀ pákó lé e lórí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e kí ó tó mọ̀. Ó dé ìdí tábìlì, ó ṣí aṣọ funfun kúrò lórí àwo, ó fa búrẹ́dì gbígbẹ yọ lábẹ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e ti funfun náà.

"Ohun tí wọ́n ń jẹ rèé," ni ó wí. "Ọwọ́ mi ló tẹ àmì yẹn. Inú ilé wa ló ti jáde. Fúláwà tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ wà nínú funfun yẹn, ẹ bi Alága bó ṣe dé ibẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ tó ń kó ìpayà báni!" Ohùn Alága ti lọ sókè. "Gbogbo yín lẹ gbọ́! Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Wọ́n gbọ́. Alágbàfọ̀ wá gbé búrẹ́dì gbígbẹ náà, ó bù ú jẹ. Ó rún un. Ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka wá inú rẹ̀, ó sì mú nǹkan kan sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Káfíńtà," ni ó wí, kò wo ẹ̀yìn. "Pákó ta ni?"

Káfíńtà tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó sì ṣí fìlà lórí. "Ó ní òun fẹ́ fi dáná ni. Ọlọ́run ló mọ̀. Ó ní dídáná."

Alágbàfọ̀ rìn lọ bá Oníbúrẹ́dì. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò gbá a létí. Kò gbá a. Ó gbé búrẹ́dì náà fún un.

"Jẹ ẹ́."

Ọkùnrin náà gbà á. Ó bù ú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rún un, omijé ń bọ́, ó ń rún un. Ní àkókò náà gan-an ni rédíò bẹ̀rẹ̀. Ohùn dídùn kan ní àwọn ọmọ ogun wa ti fi ọgbọ́n kúrò lórí òkè, pé wọ́n wà ní ètò, pé ìṣẹ́gun ti súnmọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń dákẹ́ fún àtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ kò dún. Ìró eyín Oníbúrẹ́dì nìkan ló ń dún, ràkà, ràkà, lórí iyẹ̀ pákó.

Alága pàtẹ́wọ́. Pá. Pá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tún pa á lẹ́ẹ̀kan sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró láàárín méjì bí ẹni tó fẹ́ pa ẹ̀fọn, tí ẹ̀fọn ti lọ.

Ìyá Àgbà ti wá síwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. "Èmi ni mo sọ ọ́ pé a ò ní borí," ni ó wí fún un. "Kọ orúkọ mi. Fi fúláwà ọmọ mi sílẹ̀."

"Mo ti rí gbogbo yín," ni Alága wí. "Gbogbo yín pátá. Mo mọ ojú kọ̀ọ̀kan." Ó gbé rédíò rẹ̀ mọ́ra, ó sì bọ́ sí títì tó lọ sí ilé ìjọba. Ó gbàgbé àwo rẹ̀.

Nígbà náà ni wọ́n yí Àkọ́bí ká. Gbogbo wọn ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń dá wọn lóhùn: èyí wà láàyè, èyí ń ṣàìsàn, èyí n kò mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Àwọn kan sunkún. Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lọ sílé. Alágbàfọ̀ fi aṣọ funfun náà di búrẹ́dì Alága, ó kì í bọ àpò ọmọ náà.

"Ọ̀kan ò lè kárí wọn," ni ó wí. "Kí wọ́n kàn gbóòórùn ẹ̀."

"Kí ni kí n sọ fún wọn nípa àmì náà?" ni Àkọ́bí bi ìyá rẹ̀ nígbà tí lọ́rì ń fọn fèrè.

Ìyá rẹ̀ di kọ́là aṣọ rẹ̀ mú. Ó fẹ́ sọ pé kó sá pamọ́, pé kó má padà. Ó wo àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló tẹ̀ ẹ́. Má purọ́ mọ́. Ní kí wọ́n fọ́ èyí tó ń bọ̀ lọ́la wò, kí wọ́n tó pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe fún ọ."

Ọmọ náà wò ó pẹ́. Ó gun lọ́rì.

Oòrùn ń rọlẹ̀ nígbà tí káfíńtà dé pẹ̀lú òòlù àti ìfàṣó rẹ̀. Ó yọ ilẹ̀kùn yàrá ìpofúláwà kúrò lára ògiri, ó rù ú, ó sì gbé e lọ sílé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù pẹ̀lú àpótí ìjókòó. Wọ́n jókòó sí ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wo ọwọ́ Oníbúrẹ́dì. Wọn kò kí i. Nígbà tó tú àpò, alágbàfọ̀ dìde, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó mú ẹ̀kúnwọ́ jáde, ó tọ́ ọ wò, ó padà jókòó. Ọkùnrin náà ń pò ó lójú gbogbo wọn, gbì, gbì, gbì.

Ó ti ọpọ́n sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Fúláwà náà rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ Ìyá Àkọ́bí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló. Ó gé e, ó yí i, ó mú ọ̀bẹ. Ó tẹ ìlà kìíní, ó tẹ ìkejì. Ibẹ̀ ni ìró ọkọ̀ kan ti dún láti ìsàlẹ̀ títì, níhà ilé ìjọba, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ tó ń wá nọ́ńbà ilé.

Gbogbo wọn gbé orí sókè. Kò sẹ́ni tó dìde lórí àpótí. Ìyá Àkọ́bí kò wo ẹ̀yìn. Ó tẹ ìlà kẹta, ó tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀.